Bí Bàálù Kékeré Bá Já sí Oko Wa: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ṣe, Láti Ìṣẹ́jú Àkọ́kọ́ Dé Ọjọ́ Owó Gbà-Máà-Bínú

Ọ̀kún o, gbogbo ilé.

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sọ́dọ̀ mi láti ilẹ̀ Ọ̀kún wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà, láti Ìjùmú, láti Ìsánlú, láti Ẹgbẹ̀: "Bí bàálù kékeré tàbí ẹlikópítà bá já sí oko wa, ṣé ká sá ni àbí ká sún mọ́ ọn? Ta la máa pè? Ta ló máa san owó iṣu tó jóná?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe àlá. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2019, ẹlikópítà tó gbé Igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Òṣínbàjò, ṣubú ní pápá ìṣeré Kàbà bó ṣe fẹ́ balẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló jáde láàyè. Eruku ni àwọn olùwádìí tọ́ka sí: abẹ̀bẹ̀ ńlá tó ń yí lórí rẹ̀ gbé eruku ilẹ̀ sókè, eruku bo ojú awakọ̀, kò sì rí ilẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa nígbà ọyẹ́ kò ní béèrè pé báwo ni.

Ohun tí mo fẹ́ kó dá yín lójú kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni pé èèyàn ń yè nínú ìjàm̀bá bàálù kékeré. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2023, bàálù kékeré kan já sí Ọba Akran ní Ìkẹjà, láàárín ìgboro, àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ sì yè é. Nítorí náà ẹ má ṣe rò pé òkú lẹ fẹ́ lọ kó. Alààyè lẹ fẹ́ lọ gbà sílẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá sì ṣe kí ọkọ̀ ìlú tó dé lè jẹ́ ohun tó máa mú un yè.

Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀

Àṣìṣe tí àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń ṣe ni pé wọ́n á sáré tọ èéfín lọ tààrà. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹ bu erùpẹ̀ díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó dà sílẹ̀ láti ọwọ́ yín. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá ni kí ẹ gbà wọlé, kí èéfín lè máa lọ níwájú yín, kó má fẹ́ sí yín lójú.
2. Ẹ wo wáyà iná. Bàálù tó ń já lè fa wáyà wálẹ̀. Pé kò sí iná nílé yín kò sọ pé wáyà yẹn ti kú. Wọ́n lè mú iná dé nígbàkígbà. Ẹ má ṣe kọjá lórí rẹ̀, ẹ má fi igi gbé e. Kí ẹnì kan pe àwọn ilé-iṣẹ́ iná kí wọ́n pa ìlà náà.
3. Ẹ pín ara yín. Ẹni mẹ́rin sí mẹ́fà tó láti sún mọ́ bàálù. Kí ẹnì kan máa pe ìlú. Kí ẹnì kan dúró sí ẹnu ọ̀nà oko láti tọ́ ọkọ̀ sọ́nà. Àwọn yòókù, kí wọ́n dá èrò dúró sí ibi tó jìnnà tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù kan.
4. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí àwọn bí ẹni márùn-ún gbé ọkọ́ àti àdá, kí wọ́n ro ilẹ̀ yí ibẹ̀ ká kó mọ́, kí iná má bàa wọ inú koríko. Láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, iná tó bá bọ́ lọ́wọ́ lè jẹ oko kaju ìlú méjì kó tó kú.

Ẹ gbàgbé omi bí iná bá ti gba bàálù tán. Omi tí ẹ bá dà sí epo tó ń jó á máa tan iná náà káàkiri ni. Erùpẹ̀ tàbí yanrìn dára ju omi lọ fún iná kékeré, panápaná inú ọkọ̀ sì dára ju méjèèjì lọ. Bí takisí tàbí tírélà kan bá wà nítòsí, ẹ béèrè tiwọn.

Ta ni ẹ máa pè, kí lẹ máa sọ

Nọ́ńbà pàjáwìrì fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ni 112. Ti Rọ́ódù Séfùtì ni 122, wọ́n sì sábà máa ń wà lójú títì wa ju ẹlòmíràn lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín àti ààfin. Ẹ má fojú kéré ààfin. Ọ̀rọ̀ ọba ló máa mú kí àwọn ọdẹ dúró, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ló sì máa mú kí èrò padà sílé.

Bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ gun àpáta tó ga jù nítòsí. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán lè kọjá níbi tí ìpè kò ti lè kọjá, nítorí náà ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ léraléra. Bí ìyẹn náà bá kùnà, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ fún ọlọ́kadà. Ẹ má ràn án lẹ́nu lásán. Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń yí padà lójú ọ̀nà.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìpè tàbí ìwé náà rèé:

- Ìlú, oko ẹni tó ni ilẹ̀, àti ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọ ibẹ̀.
- Nọ́ńbà ibi náà lórí máàpù fóònù.
- Ẹni mélòó lẹ rí, mélòó ló ń mí, mélòó ló lè rìn.
- Iná wà, tàbí kò sí.
- Lẹ́tà tó wà lára bàálù náà. Ti Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N.
- Bóyá mọ́tò lè dé ibẹ̀, tàbí ọ̀kadà nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nọ́ńbà orí máàpù, torí òun ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ẹ ṣí máàpù inú fóònù yín. Àmì búlúù kékeré tó ń fi ibi tẹ́ ẹ wà hàn, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nọ́ńbà méjì á jáde. Ní agbègbè wa, láti Kàbà dé Ẹgbẹ̀, èkínní máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7 tàbí 8, èkejì pẹ̀lú 5 tàbí 6. Bí ẹ bá rí nǹkan mìíràn, fóònù náà kò tíì mọ ibi tẹ́ ẹ wà. Ẹ jáde kúrò lábẹ́ igi, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Fóònù lè mọ ibi tẹ́ ẹ wà láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti láìsí dátà, torí ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ló ti ń gbà á. Ẹ dà nọ́ńbà méjèèjì kọ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ yín.

Àpẹẹrẹ ìpè tó dára: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Oko ìyá Kẹ́hìndé lẹ́yìn Ògìdì ni mo wà. Bàálù kékeré funfun já síbí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹni mẹ́ta la rí, méjì ń mí. Kò sí iná, àmọ́ epo ń jò. Mọ́tò lè dé ibi odò, ọ̀kadà ló máa parí ọ̀nà." Ó tán. Ẹ má sunkún sórí ìpè. Ẹ sọ ọ́, kí ẹ tún un sọ, kí ẹ má sì pa fóònù títí wọn á fi ní ó tó.

Bí ẹ ṣe máa sún mọ́ ọn

- Ẹ pa sìgá, ẹ má tan iná ìṣáná, ẹ gbé ọ̀kadà jìnnà. Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà tó gbóná lè mú epo gbiná.
- Abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù: ẹ má dúró níwájú rẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ yí i, bó tilẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré mìíràn lè tàn lójijì bí ẹnì kan bá ṣèèṣì yí abẹ̀bẹ̀ náà, bí wọ́n tilẹ̀ ti yọ kọ́kọ́rọ́. Ó lè gé ọwọ́ ẹni.
- Ẹlikópítà: ẹ dúró títí abẹ̀bẹ̀ òkè á fi dákẹ́ pátápátá. Ẹ má gba ẹ̀yìn wọ ọ́ láé. Abẹ̀bẹ̀ kékeré wà ní ìrù rẹ̀ tí ojú kì í rí nígbà tó bá ń yí. Bí ó bá wà lẹ́bàá òkè, ẹ gba ìsàlẹ̀ lọ, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, torí apá òkè ni abẹ̀bẹ̀ ti súnmọ́ ilẹ̀ jù.
- Ẹ má dúró sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Táyà tó gbóná lè bẹ́, ẹ̀gbẹ́ ló sì máa ń bẹ́ sí.
- Ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu. Ara àwọn bàálù tuntun mìíràn kì í ṣe irin; bó bá jó tàbí tó fọ́, eruku rẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń gún ọwọ́ bí ẹ̀gún.
- Bàálù kékeré mìíràn ní paráṣúùtì ńlá tó ń gbé odidi bàálù, rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan ló sì ń ta á jáde. Bí ẹ bá rí àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta lára bàálù, ẹ má ṣe fi ayùn tàbí àdá gé ibẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ti ológun ńkọ́? Bí àwọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ti ṣójà, tàbí tí ẹ bá rí NAF (àmì àwọn ológun òfurufú Nàìjíríà) lára rẹ̀, ohun ìjà lè wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ ẹni tó ṣì ń mí, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ohun yòówù tó bá dà bí ìgò irin, agolo gígùn tàbí ọta, ẹ má gbé e, ẹ má fi ẹsẹ̀ tì í. Ẹ fi igi sàmì sí ibẹ̀ láti òkèèrè, kí ẹ sì sọ fún ṣójà tó bá kọ́kọ́ dé.

Yíyọ èèyàn jáde

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ṣé iná ń bọ̀? Bí iná bá ń bọ̀, ẹ fà á jáde bí ẹ bá ṣe lè fà á, lábẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ má wo ẹ̀yìn. Ọ̀rùn tó ṣẹ́ ṣì lè ní ìtọ́jú. Ẹni tó jóná tán kò ní in mọ́.

Bí kò bá sí iná, ẹ má kánjú.

1. Ẹ pè é. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ má mi orí yín." Kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú gbọn-in, kó bá ìlà ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ mu.
2. Ẹ wá ilẹ̀kùn. Bàálù mìíràn ní ilẹ̀kùn méjì lábẹ́ ìyẹ́, òmíràn ní ẹyọ kan ṣoṣo, lápá ọ̀tún lókè ìyẹ́. Bó bá há, ẹ fọ́ fèrèsé tó jìnnà jù sí ẹni tó wà nínú rẹ̀.
3. Bẹ́líìtì bàálù púpọ̀ yàtọ̀ sí ti mọ́tò. Ẹ kì í tẹ̀ ẹ́. Irin pẹlẹbẹ tó wà lórí rẹ̀ lẹ máa gbé sókè. Bó bá kọ̀, ẹ fi ọ̀bẹ gé e.
4. Bí bàálù bá dojú dé, ẹ kọ́kọ́ gbé ẹni náà dání kí ẹ tó tú bẹ́líìtì. Ẹni tó so rọ̀ á já lé orí bí ẹ bá kàn tú u. Ọ̀rùn tí ìjàm̀bá ò ṣẹ́, àwa aṣèrànwọ́ lè ṣẹ́ ẹ báyìí.
5. Ẹ fi ilẹ̀kùn, pákó tàbí bẹ́ǹṣì gbé e. Kí ẹni mẹ́rin gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni tó di orí mú máa kà: ọ̀kan, méjì, ẹ̀ta.

Ìtọ́jú kí dókítà tó dé

Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gbọn-in, ẹ má máa ṣí i wò. Bó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ò sì dáwọ́ dúró, ẹ di aṣọ tó fẹ̀ díẹ̀ sí òkè ọgbẹ́ náà, ẹ fi igi kékeré lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dúró, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ dì í sí iwájú orí rẹ̀. Dókítà máa nílò aago yẹn.

Lórí iná, mo bẹ̀ yín. Mo ti rí ọmọdé tí wọ́n fọ́ ẹyin adìẹ sí ojú iná rẹ̀, tí nọ́ọ̀sì fi ń ṣí i kúrò pẹ̀lú awọ ara. Ẹ má fi epo pupa sí i. Ẹ má fi ẹyin, ògì, ọṣẹ ìfọyín tàbí kẹrosíìnì sí i. Omi tútù lásán, tó ń ṣàn, fún ogún ìṣẹ́jú ni. Omi kànga nínú kẹ́ẹ̀gì tó; ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ tí epo ti rin, àmọ́ èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn omi, ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ tàbí ọ̀rá mímọ́ bò ó.

- Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́: ẹ má bu omi sí i lẹ́nu. Bó bá ń mí, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan lódindi, láìlọ́ ọrùn.
- Ẹni tó bá jáde fúnra rẹ̀ tó ń ní "kò ṣe mí, mo wà dáadáa": òun náà gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ikùn láìsí ọgbẹ́ lóde, ẹni náà á sì ṣubú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.
- Ẹni tí ẹ̀yìn tàbí ọrùn ń dùn: ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, lórí pákó, ló yẹ ẹ́.

Ní ìhà Yàgbà, ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń sá lọ. Ní ìhà Òwé, Bùnú àti Ìjùmú, ilé ìwòsàn ìjọba ní Kàbà, kí wọ́n tó gbé ẹni tó le jù lọ sí Lọ́kọ́ja. Ẹ pè wọ́n sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kí wọ́n lè múra.

Epo bàálù: ẹ má gbọ̀n ọ́n

Mo fẹ́ ká dúró níbí, torí òtòṣì ni ọ̀pọ̀ wa, epo sì wọ́n. Ìgbà tí epo bá ń jò láti inú ìyẹ́ bàálù, ẹnì kan á ti wá kẹ́ẹ̀gì kó tó wá ẹni tó ń kérora.

Oríṣi méjì ló wà. Èyí tí àwọn bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì bíi ti mọ́tò ń lò máa ń ní àwọ̀ búlúù, ó ń gbiná bíi pẹtiróòlù, òjé sì wà nínú rẹ̀, májèlé tó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Èkejì, tí ẹlikópítà ńlá àti bàálù jẹ́ẹ̀tì ń lò, dà bíi kẹrosíìnì lójú àti lóòórùn. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ní oko ìjàm̀bá kan náà, ẹ kò lè fi ojú mọ èyí tó jẹ́ kẹrosíìnì àti èyí tó lè gbiná bíi pẹtiróòlù, pàápàá tí méjèèjì bá ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì àti ẹrẹ̀. Ẹni tó bá rọ ọ́ sí fìtílà tàbí síítóòfù lè sọ ilé rẹ̀ di ibi ìjàm̀bá kejì. A ti rí ohun tí ayédèrú kẹrosíìnì ṣe fún ìdílé púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ẹ tún rántí pé gbígbọ̀n epo gan-an lè tanná: kẹ́ẹ̀gì irin tó gbá irin, fóònù tó bọ́ lọ́wọ́, ọ̀kadà ẹni tó wá rà á. Bí ẹ bá jẹ́ olórí ọ̀dọ́ tàbí olórí ọdẹ, iṣẹ́ yín àkọ́kọ́ lẹ́yìn yíyọ èèyàn ni kí ẹ gba gbogbo kẹ́ẹ̀gì.

Bí epo bá dà sí odò tàbí lẹ́bàá kànga, kí gbogbo ilé má pọn ibẹ̀ mu, kí wọ́n má fún ewúrẹ́ mu, títí àwọn elétò ìlera yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Sísè omi kì í mú òjé kúrò.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ gbé

Irin, ìjókòó, bàtà, báàgì, ìwé, owó tó fọ́n sílẹ̀: ẹ fi gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Òfin Nàìjíríà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbé nǹkan kúrò nínú àwókù bàálù àfi láti gba ẹ̀mí là, láti pa iná, tàbí láti mú ewu kúrò lọ́nà. Bó bá di dandan kí ẹ sún nǹkan kúrò láti yọ èèyàn, ẹ ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó sún un.

Àpótí tó ń gba ohùn àti ìṣípòpadà bàálù sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní àpótí dúdú, àwọ̀ ọsàn ló ní. Bàálù kékeré púpọ̀ kò ní in rárá. Nítorí náà, ibi tí irin kọ̀ọ̀kan wà nílẹ̀ àti bí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ṣe tẹ̀ ni ẹ̀rí tí olùwádìí máa kà. Ẹni tó gbé ẹyọ irin kan lọ tà fún àwọn tó ń ra àlòkù ti ya ojú ìwé kan nínú ọ̀rọ̀ tí ìyàwó awakọ̀ náà ń dúró láti gbọ́.

Àpótí kékeré mìíràn tún wà, aláwọ̀ ọsàn náà, tó ń ké sí sátẹ́láìtì pé bàálù ti já. Ẹ má pa á, ẹ má fa wáyà rẹ̀.

Bí bàálù bá sọnù tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí i

Ẹ̀yin ọdẹ, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún 2008, bàálù kan tó gbéra láti Èkó lọ sí Bebi ní ìpínlẹ̀ Cross River sọnù pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta. Oṣù kẹjọ ọdún náà ni wọ́n tó rí àwókù rẹ̀ nínú igbó olókè, àwọn ọdẹ ló sì rí i. Òkè àpáta wa ní Yàgbà àti Bùnú lè pa nǹkan mọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá rí àwókù láàárín igbó: ẹ kọ́kọ́ wá alààyè, ẹ ké, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ tẹ́tí. Ẹ gba nọ́ńbà máàpù. Ẹ sàmì sí igi lójú ọ̀nà títí ẹ ó fi dé títì. Kí ẹ má lọ nìkan padà, torí gbogbo wa la mọ irú ẹni tó ń sá pamọ́ sínú igbó wọ̀nyẹn lákòókò yìí. Ẹ bá ọlọ́pàá, ṣójà tàbí fijilanté lọ.

Àwọn tó ti kú

Ẹ má gbé wọn, bí iná tàbí omi kò bá fẹ́ gbé wọn lọ. Ẹ fi aṣọ bò wọ́n níbi tí wọ́n wà. Mo mọ̀ pé ó nira. Nínú àṣà wa a kì í jẹ́ kí òkú sùn sí ìta. Ṣùgbọ́n ibi tí olúkúlùkù wà ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó jókòó síbi kan, òun ló sì ń ran ẹbí lọ́wọ́ láti gba òkú tiwọn, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Bí ìlú bá ní ètùtù tó yẹ kí wọ́n ṣe sí ilẹ̀ náà, kí wọ́n ṣe é lẹ́yìn tí àwọn olùwádìí bá ti parí.

Ẹ má fi àwòrán wọn sórí WhatsApp. Ìyá ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ ti inú fóònù mọ̀ pé ọmọ òun ti kú. Fídíò tí ẹ yà, pàápàá ti ìgbà tí bàálù náà ṣì wà lókè, ẹ má pa á rẹ́, ẹ má gé e. Àwọn olùwádìí ló ni ín.

Nígbà tí àwọn olùwádìí bá dé

Àjọ tó ń wádìí ìjàm̀bá bàálù ń jẹ́ AIB tẹ́lẹ̀, àwọn ló wádìí ti Kàbà. Láti ọdún 2022, òfin tuntun ti sọ ọ́ di NSIB, ó sì ti fi ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi kún un. NCAA ni tirẹ̀ ń fún bàálù àti awakọ̀ níwèé àṣẹ. Ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Ẹ má bẹ̀rù NSIB. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe láti mú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń wá ohun tó fà á kó má bàa tún ṣẹlẹ̀. Wọ́n sábà máa ń gbé ìròyìn àkọ́kọ́ jáde láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Kí wọ́n tó dé, kí olúkúlùkù tó gbọ́ tàbí tó rí i kọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ tó jókòó sọ ọ́ pọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí ẹ bá ti ń sọ ọ́ ní ìdí ẹmu, ìtàn gbogbo yín á ti di ọ̀kan. Ẹ kọ:

- Aago (ẹ wo ìpè àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ ṣe lórí fóònù).
- Ibi tó ti ń bọ̀, ibi tó kọjú sí, bó ṣe ga tó: "ó súnmọ́ orí igi ọ̀pẹ."
- Ìró ẹ́ńjìnnì: ó ń dún dáadáa, ó ń wúkọ́, tàbí ó dákẹ́.
- Ojú ọjọ́: ọyẹ́, kùrukùru, òjò, ìjì.
- Bóyá èéfín tàbí iná ti wà lára rẹ̀ lókè.

Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí nìkan. Bí ẹnì kan bá ní àjẹ́ ló fà á, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún un.

Oko tó bàjẹ́, ilé tó wó, ara tó farapa

Òfin sọ pé ẹni tó ni bàálù gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì tó máa bo ẹni tó wà nílẹ̀ náà, kì í ṣe èrò inú rẹ̀ nìkan. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú. Àmọ́ ẹ̀tọ́ tí kò ní ẹ̀rí máa ń tutù.

1. Ẹ kọ lẹ́tà 5N náà sílẹ̀ pátá. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni bàálù.
2. Kí ẹ tó tún oko ṣe, ẹ ya àwòrán láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí baálẹ̀ tàbí olórí àdúgbò wà nínú àwòrán náà.
3. Ẹ kà á. Ebè mélòó, igi kaju mélòó tó ti ń so, mélòó tó ṣì kéré. Ẹ kọ iye tí igi kọ̀ọ̀kan ń mú wá lọ́dún. Kí elétò ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí i.
4. Ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí.
5. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé owó ilé ìwòsàn, ti ọkọ̀, ti oògùn.
6. Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹni tó ni bàálù, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí NCAA, kí ẹ sì gba ìwé pé wọ́n ti rí i gbà.

Ìkìlọ̀ tí mo fi ọkàn mi sọ: bí ẹnì kan bá gbé owó wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìwé pé kí ẹ fọwọ́ sí i pé "ó ti parí," ẹ má fọwọ́ sí i kí agbẹjọ́rò tó kà á. Ẹni tí iná jó lè nílò iṣẹ́ abẹ lọ́dún tó ń bọ̀.

Fún ẹbí èrò tó kú nínú bàálù tó ń gba owó ọkọ̀: ọdún méjì ni òfin fún wọn láti lọ sí kóòtù. Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti lọ sí ibi tí kò yẹ, ọjọ́ sì kọjá mọ́ wọn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn tí èrò bá ti túká

Àwọn tó gbé òkú, àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, wọn ò ní sùn dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n sunkún bí wọ́n bá fẹ́. Ẹ má ní "ọkùnrin ni ẹ́, gbàgbé ẹ̀." Bí oṣù kan bá kọjá tí ẹnì kan ṣì ń ta gìrì nígbà tí bàálù bá kọjá lókè, tí kò jẹun, tí ó ń mu ọtí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ mú un lọ rí dókítà.

Àwọn ọmọ ilé ìwé á fẹ́ padà lọ wo ibẹ̀. Kí olùkọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, torí irin kéékèèké, dígí àti epo máa wà nínú ilẹ̀ náà pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó àwókù lọ. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ro ibẹ̀, ẹ wọ bàtà, ẹ fi ọwọ́ ṣa ilẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ kí ọkọ́ tó kàn án, ibi tí epo sì ti rin, ẹ má gbin ẹ̀fọ́ tàbí gbòǹgbò sí i títí ẹnì kan tó mọ̀ nípa ilẹ̀ yóò fi wá wò ó.